Bí Gbogbo Ẹranko Bá Ń Jẹ Koríko: Ìdáhùn sí Ìyá Ṣadé ní Kubwa

Ìyá Ṣadé, tó ń gbé ní Kubwa, Àbújá, kọ̀wé sí mi báyìí: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì rí ibi tí kìnnìún ti fa ọmọ ẹfọ̀n ya. Ó sunkún títí ó fi sùn. Nígbà tó jí, ó ní kí ló dé tí Ọlọ́run kò jẹ́ kí gbogbo ẹranko kúkú máa jẹ koríko. Mi ò rí èsì fún un. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bauchi, ní ìjọba ì bá ti pa ìwọ̀nba kìnnìún tó kù ní igbó ọba Yankari, torí màlúù àwọn Fúlàní ni wọ́n ń pa jẹ. Èmi fúnra mi ò sì sùn dáadáa mọ́, nítorí òwìwí kan tó ń bà sórí táǹkì omi wa lóròòru. Àwọn ará àdúgbò ní ká wá ẹni tó máa pa á. Kí lẹ rí sí gbogbo rẹ̀?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ṣadé. Ẹ bá mi fọwọ́ pa Ṣadé lórí. Ọmọ tó ní àánú lójú ni, ẹ má sì bá a jiyàn pé kò dun ọmọ ẹfọ̀n náà. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìmọ̀ ẹranko tí mo ń ṣe ti jẹ́ kí n mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n kì í dúró fi hàn lẹ́yìn tí kìnnìún bá ti jẹun tán. Ìdí tí Ọlọ́run fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ tàbí ààfáà bá yín sọ ìyẹn. Èmi á sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá ti sí ẹranko tí ń pa ẹran jẹ.

Irú ibi tí Ṣadé ń fẹ́ yẹn ti wà rí. Erékùṣù kan wà nínú òkun ní apá Alaska, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní St. Matthew. Lọ́dún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ológun Amẹ́ríkà kó àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù 29 lọ síbẹ̀, pé bí oúnjẹ bá tán lọ́wọ́ àwọn, àwọn á rí ẹran pa. Ogun parí, àwọn ológun kó ẹrù wọn lọ, àwọn ẹran kù síbẹ̀. Kò sí ìkookò tí ń lé wọn, kò sì sí ọdẹ. Oúnjẹ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n jẹ, wọ́n bí, àwọn ọmọ wọn náà bí. Nígbà tó fi máa di 1963, wọ́n ti tó nǹkan bí 6,000.

Bí a bá dá ìtàn náà dúró síbí, inú Ṣadé á dùn. Àmọ́ ohun tí ń hù lórí àpáta níbẹ̀, tí àwọn ẹran náà gbójú lé nígbà òtútù, kì í tètè hù padà. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, pátákò ẹsẹ̀ wọn sì ti tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀. Òtútù ọdún 1963 sí 1964 wá le gan-an. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà débẹ̀ ní 1966, egungun ló kún ilẹ̀. Ẹran 42 ló ṣẹ́kù láàyè nínú 6,000. Akọ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ara òun náà kò sì pé. Bí ìran wọn ṣe parẹ́ ní erékùṣù náà nìyẹn. Kò sí eyín kankan tó kàn wọ́n. Ebi ló pa wọ́n, ikú ebi sì pẹ́ lára ẹran ju ikú ẹnu kìnnìún lọ.

Nítorí náà, Ìyá Ṣadé, bí Ṣadé bá bi yín léèrè, ẹ sọ fún un pé ẹranko tí ń jẹ ẹran ló ń jẹ́ kí koríko ṣẹ́kù fún ẹranko tí ń jẹ koríko. Ìyẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi, gbogbo èyí tí mo máa sọ tẹ̀ lé e, ẹ̀rí rẹ̀ ni.

Ó lè ní kí kìnnìún náà kúkú kọ́ koríko jíjẹ. Àwọn àgbà ní ebi kì í pa kìnnìún kó jẹ koríko. Kì í ṣe ìgbéraga ló fà á, inú rẹ̀ ni kò gbà á. Màlúù ní ikùn alápò mẹ́rin, kòkòrò tí ojú kò lè rí kún inú rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bá a po koríko náà títí á fi di oúnjẹ. Ìfun kìnnìún kúrú, kò sí irú àpò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Koríko tó bá gbé mì á kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í lọ oúnjẹ, gígé ló ń gé e. Ológbò tó wà nílé yín, ìbátan kìnnìún ni, ẹ sì lè fi kọ́ ọmọ. Ẹ bu ṣúgà síwájú rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ó dùn. Ohun tó ń jẹ́ kí ahọ́n mọ adùn ti bà jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀; ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀. Èròjà kan tún wà tó ń jẹ́ taurine, tí ojú àti ọkàn ológbò kò lè ṣe láìsí i. Ara tiwa lè ṣe é fúnra rẹ̀. Ti ológbò kì í ṣe é tó, inú ẹran ló ti ń rí i. Ológbò tí wọ́n bá ń fún ní ẹ̀bà lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí, tí kò rí eku tàbí ẹja pa kún un, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá lè fi àjẹkù ilé gbé ayé.

Ohun mìíràn tí ọmọdé kì í mọ̀ ni bí iṣẹ́ ọdẹ ṣe le tó fún kìnnìún. Bó bá lé ẹran nígbà mẹ́rin, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló máa rí i mú. Ìgbà mẹ́ta tó kù, ẹran ti sá lọ, agbára ti tán, ebi sì ń pa àwọn ọmọ nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ kìnnìún ni kì í pé ọdún méjì, ebi sì wà lára ohun tí ń pa wọ́n. Èyí tó sábà máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ẹran tó ti darúgbó, èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn, èyí tí àìsàn ti mú, àti ọmọdé tó ṣìnà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ ẹfọ̀n tí Ṣadé rí yẹn wà lára wọn. Ẹran aláìsàn tí kìnnìún bá mú lónìí kò ní kó àìsàn ran agbo lọ́la.

Kìnnìún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀, kò sì lè ṣe kí wọ́n pọ̀. Agbára oòrùn ni koríko ń jẹ. Nínú agbára tí ẹtu bá rí nínú koríko, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń di ẹran ara rẹ̀. Ìyókù á bá eré sísá, èémí àti ooru ara lọ. Kìnnìún tó bá jẹ ẹtu, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn náà ló máa kù sí i lára. Ó dà bí owó tó gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta kọjá: kí ó tó dé ọwọ́ ẹni ìkẹyìn, kò ku nǹkan. Ìdí nìyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran fi máa ń wà nínú igbó tí kìnnìún ibẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ẹ̀dá tí iye rẹ̀ kéré báyìí, pípa díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti pa á run.

A máa ń rò pé bí a bá ti sọ ẹranko tí ń jẹ ẹran, kìnnìún, àmọ̀tẹ́kùn, ìkookò àti ọ̀nì ló tán síbẹ̀. Ẹ mú Ṣadé lọ síbi tí omi bá gbé dúró lẹ́yìn òjò. Lámilámi tí àwọn ọmọdé máa ń lé kiri, ọ̀gá ọdẹ ni. Nínú kòkòrò ọgọ́rùn-ún tó bá gbéra láti mú, ó lè mú nǹkan bí márùn-ún dín lọ́gọ́rùn-ún. Kìnnìún kò bá a débẹ̀. Nígbà tí lámilámi ṣì kéré, inú omi ló ń gbé, tanwíjí sì wà lára ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Ọmọńlé ara ògiri yín ń ṣe irú iṣẹ́ náà lálẹ́, láìgba owó. Alántakùn ńkọ́? Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ méjì ṣírò rẹ̀ pé gbogbo alántakùn ayé ń jẹ ẹran, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kòkòrò, tó 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sí 800 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún. Bí a bá kó alántakùn kúrò láyé, mi ò mọ àgbẹ̀ tí yóò rí nǹkan kó wálé.

Ewéko pàápàá wà tí ń jẹ ẹran. Ní ìgbà òjò, níbi tí omi ti ń sun lórí àpáta ní ilẹ̀ wa níbí, ewéko tín-ínrín kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Utricularia. Òdòdó rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí, kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Abẹ́ ni iṣẹ́ wà. Àwọn àpò kéékèèké wà lára rẹ̀ nínú omi, òmíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ilẹ̀kùn sì wà lẹ́nu àpò kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò inú omi tó bá fara kan irun ẹnu ọ̀nà náà, ilẹ̀kùn á ṣí, àpò á fà á wọlé pẹ̀lú omi, ilẹ̀kùn á padà tì. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti parí. Ilẹ̀ orí àpáta kò ní náítírójìn tó pọ̀, ohun tí àgbẹ̀ ń tìtorí rẹ̀ ra ajílẹ̀. Òun ń fi ẹran wá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ńlá. Ẹni tó bá ti lọ sí Yankari rí mọ àwọn ọ̀bọ ńlá ẹlẹ́nu gígùn tó máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò ní ìsun omi Wikki. Àwọn Haúsá ń pè wọ́n ní gwaggo. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ọba ka ẹranko láti 1968 títí di 2004. Láàárín ìgbà náà, kìnnìún àti àmọ̀tẹ́kùn tán ní àwọn kan lára igbó ọba wọn. Àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí sì pọ̀ sí i ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sá fún mọ́. Wọ́n jáde sí oko àgbàdo, wọ́n ń pa ọmọ ẹran kéékèèké jẹ, ìnira náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, torí àwọn òbí ń dá ọmọ dúró nílé ìwé kí wọ́n lè máa ṣọ́ oko. Ẹ rò ó wò: ikú àmọ̀tẹ́kùn ló mú ọmọ kúrò ní kíláàsì.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n gbèjà nínú gbogbo wọn, igún ni màá mú. Igún kì í pa ẹran, òkú ẹran ló ń jẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kórìíra rẹ̀, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó wúlò fún wa ju bí a ṣe mọ̀ lọ.

Ẹ dúró létí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní òwúrọ̀, ní ìlú kan ní Àríwá tí igún ṣì kù sí. Èyí tí ẹ máa rí ni igún kékeré tó ń gbé pẹ̀lú ènìyàn, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní angulu. Á dúró lórí páànù, ọrùn rẹ̀ sọ kalẹ̀, bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Bí alápatà bá ju èérún ẹran sílẹ̀, ó ti balẹ̀. Bí igún ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sún mọ́ ọn, awọ ojú rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ á pọ́n wá lójú ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tín-ínrín, ó ń fi yọ ẹran tó há sáàárín eegun, níbi tí ọwọ́ alápatà àti ẹnu ajá kò lè dé. Àwọn igún ńlá ní ẹnu tó nípọn, àwọn ni wọ́n ń ya awọ òkú ẹran. Irun kò sí ní orí àti ọrùn wọn, ẹ̀jẹ̀ kò rí ibi lẹ̀ mọ́. Omi inú ikùn wọn kan gan-an, débi pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó lè pa màlúù àti ènìyàn ń kú síbẹ̀. Òkú ẹran tí ì bá jókòó rà fún ọ̀sẹ̀ kan létí odò tí a ń pọn, àwọn igún lè jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí díẹ̀, kó ku eegun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní India ló yẹ kó kó wa láyà sókè. Igún pọ̀ níbẹ̀ rí ní àìmọye mílíọ̀nù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìran kan nínú wọn dín kù débi pé nínú igún ẹgbẹ̀rún kan, kò ku mẹ́wàá láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹni tó mọ ìdí, títí wọ́n fi rí i ní 2004 pé diclofenac ni, òògùn ara ríro tí ẹ lè rà ní kẹ́míìsì ní Kubwa. Àwọn olówó ẹran ń fún màlúù ní i. Màlúù tó bá kú pẹ̀lú òògùn náà lára, igún tó bá jẹ ẹ́, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. India, Pakistan àti Nepal fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní 2006, ṣùgbọ́n igún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ta ló wá ń jẹ òkú màlúù? Ajá ìgboro. Ajá pọ̀ sí i, dìgbòlugi pọ̀ sí i, ìdọ̀tí òkú ẹran sì ń ṣàn wọ inú omi. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì gbé ìṣirò jáde pé láàárín 2000 sí 2005 nìkan, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní India tí ì bá má kú ká ní igún ṣì wà. Ènìyàn ni mo wí o, Ìyá Ṣadé. Igún tí ẹnikẹ́ni kì í kí, àìsí rẹ̀ pa ènìyàn tó báyẹn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀ràn náà gba ọ̀nà mìíràn wá. Àwa Yorùbá la máa ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Síbẹ̀, orí igún àti ìyẹ́ igún wà lórí igbá ní àwọn ọjà wa nílé, wọ́n sì ń tà á ní Àríwá níbí pẹ̀lú, fún àwọn tó ń wá òògùn àwúre àti ìṣọ́ra. Ó dùn mí púpọ̀, torí òwe wa ṣe kedere. Ọdẹ tó ń wá igún fún ọjà kì í sábà yin ìbọn, òkú ẹran ló ń fi májèlé sí, tí gbogbo igún tó bá balẹ̀ á kú pọ̀. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, igún tó lé ní 2,000 ló kú báyìí, wọ́n sì gé orí púpọ̀ nínú wọn lọ. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó ń parẹ́ lọ, ti kọ angulu àti ìran igún mẹ́ta mìíràn tó wà ní ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé àwọn tó sún mọ́ ìparun jù lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún ń yé nígbà kan. Èyí tí wọ́n bá pa lónìí, ó máa pẹ́ kí òmíràn tó dípò rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìran igún mẹ́ta yẹn ló kọ lu ọkọ̀ òfuurufú lókè Abidjan ní 1973, ní ẹsẹ̀ bàtà 37,000. Títí dòní, kò sí ẹyẹ mìíràn tí ẹ̀rí wà pé ó fò ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ èyí fún Ṣadé, ọmọdé máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

Ìkookò ilẹ̀ wa, tí àwọn Haúsá ń pè ní kura, náà ń bá igún ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ohun tí igún bá fi sílẹ̀, ìkookò á fi eyín run eegun rẹ̀, á gbé e mì. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń funfun bó bá gbẹ, nítorí ìyẹ̀fun eegun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tí a máa ń rí ní ìgboro, tí wọ́n so ṣéènì mọ́ lọ́rùn, tí wọ́n ń fi ṣeré gba owó, kò sí lára èyí tí mo ń wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá Ṣadé. Ẹ bá mi kí wọn, mi ò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí wọ́n sọ. Màlúù kan lọ́wọ́ Fúlàní, owó ilé ìwé ọmọ ni, owó ìwòsàn ni. Kìnnìún tó pa á ti gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo iye tó kù. Ní gbogbo Nàìjíríà, Yankari àti igbó ọba Kainji nìkan ni kìnnìún ṣì kù sí, gbogbo wọn pọ̀ kò sì tó àádọ́ta. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé iye wọn jáde ní 2014, kìnnìún tó dàgbà tó bímọ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò pé 250. Bí àwọn tiwa bá tán, a ò lè lọ gbé tí Kenya wá dípò wọn kó jẹ́ nǹkan kan náà, torí ìbátan kìnnìún ìhà tiwa níbí sún mọ́ kìnnìún ilẹ̀ India ju ti Kenya lọ.

Ohun tó sì gbé kìnnìún dé ìdí màlúù, ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn tó ń pa ẹran ìgbẹ́ fún títà ti kó ìgalà, ẹfọ̀n àti ìmàdò tó jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá gbẹ níta, àwọn kan ń da màlúù wọ inú igbó ọba. Kìnnìún tí kò rí ìgalà, tó wá rí màlúù tí kì í sáré nínú ilé tirẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Lọ́dún 2014 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi àti WCS, àjọ kan tó ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jọ bójú tó Yankari, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń rìn ín kiri. Èmi gbà pé ìdáàbòbò yìí ló yẹ ká fi owó sí, kì í ṣe ìbọn. Ní gàá tó wà lẹ́bàá igbó, ọgbà tó lágbára, tí wọ́n fi igi ẹlẹ́gùn-ún yí ká, tí wọ́n ń kó màlúù sí kí ilẹ̀ tó ṣú, ń gba ẹran là ju májèlé lọ. Òru ni kìnnìún fẹ́ràn láti ṣọdẹ, ó sì máa ń bẹ̀rù ibi tí kò bá rí inú rẹ̀. Ẹni tó bá bu òògùn apakòkòrò sára òkú màlúù nítorí kìnnìún, kò ní pa kìnnìún nìkan. Igún á balẹ̀ síbẹ̀, ajá darandaran fúnra rẹ̀ á jẹ níbẹ̀, ìkookò á wá lóru. Ẹ jọ̀ọ́, kí bàbá Ṣadé bá mi sọ èyí fún ẹni tí wọ́n bá mọ̀ níbẹ̀.

Ní ti òwìwí, mo mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè é, mo mọ bí igbe rẹ̀ ṣe ń dún létí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù yín kò yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e wá sórí táǹkì yín ni eku tó wà nísàlẹ̀. Ó ń jókòó síbi gíga kó lè gbọ́ ẹsẹ̀ eku nínú koríko. Etí rẹ̀ kan ga ju ìkejì lọ, ìyẹn ló fi ń mọ ibi tí eku wà láìrí i. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, kì í dún bó bá ń fò, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ó kàn yọ síni lójijì. Òwìwí kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè jẹ eku tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ lọ́dún. Ibà Lassa tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, eku inú ilé ló sì ń kó o ran ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pa òwìwí, ta ni ẹ fẹ́ fi eku sílẹ̀ fún?

Lówùúrọ̀, ẹ mú Ṣadé lọ sábẹ́ táǹkì náà. Ẹ máa rí àwọn ìṣù dúdú kéékèèké nílẹ̀, tó gùn tó ìka ọwọ́. Kì í ṣe ìgbẹ́. Òdidi ni òwìwí máa ń gbé eku mì, á wá pọ irun àti eegun rẹ̀ jáde láti ẹnu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi igi gbé ọ̀kan sínú omi gbígbóná tí ẹ pò pẹ̀lú ọṣẹ, kó rọ̀. Ẹ tú u wò pẹ̀lú rẹ̀: ẹ máa rí agbárí eku, eyín rẹ̀ pupa rúsúrúsú níwájú, egungun ẹsẹ̀ tó tín-ín ju ìgbálẹ̀ lọ. Kí ó ka agbárí mélòó ló wà nínú ìṣù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun gbogbo nù, kí ẹ̀yin méjèèjì fọ ọwọ́ dáadáa.

Ẹ kó gàrí, ìrẹsì àti èlùbọ́ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ sùn sórí àjẹkù. Ẹ má fi oògùn eku sílẹ̀ ní àgbàlá rárá, torí eku tó bá jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, òwìwí sì lè gbé e mì pẹ̀lú májèlé náà. Bó bá jẹ́ ìgbẹ́ rẹ̀ lórí táǹkì ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí ìdérí táǹkì máa wà ní pípa dé, kí ẹ ri òpó igi kan tó ga jù ú lọ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí eku ti ń gbà. Á kúrò lórí táǹkì, á lọ máa bà sórí òpó.